Ọ̀rọ̀ àsopọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì: ìgbà wo la ń lo “and”, “but”, “or” àti “so”, ìgbà wo la sì ń fi wọ́n sílẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́yìn, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣe WAEC, èmi ni mo sì ń bá a yẹ àwọn àròkọ rẹ̀ wò lálaalẹ́. Ọmọ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọn, ṣùgbọ́n tó bá ti di pé kó so gbólóhùn méjì pọ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo díẹ̀ nínú ohun tó kọ sínú lẹ́tà kan:

1. “Although my father was tired but he took us to the hospital.”
2. “My mother went to the market bought yam came back home.”
3. “Because the road was bad, so that is why we came late.”
4. “I did not see my uncle and I did not see his wife too.”
5. “And my brother and my sister and myself were happy.”

Tísà wọn fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀, kò sì kọ ìdí kankan sí i. Èmi náà mọ̀ pé kò bá etí mu, ṣùgbọ́n “kò bá etí mu” kì í ṣe àlàyé téèyàn lè fún ọmọ tó fẹ́ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ìdánwò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Tísà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama, gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn sì ni mo máa ń bá pàdé jù lọ nínú ìwé wọn. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà kò gbọ́n. Yorùbá ló ti wà lọ́kàn wọn kí wọ́n tó kọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, Yorùbá náà sì tọ̀nà: “Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti rẹ bàbá mi, síbẹ̀ wọ́n gbé wa lọ sí ọsibítù.” “Bó tilẹ̀ jẹ́ pé” wà níwájú, “síbẹ̀” wà láàárín, àwọn méjèèjì ló jọ gbé gbólóhùn náà dúró. Bí ẹ bá yọ “síbẹ̀” kúrò, ó máa ń ṣe etí wa bíi pé ọ̀rọ̀ kò tíì délẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí gbólóhùn méjì bá fẹ́ di ọ̀kan nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ àsopọ̀ kan ṣoṣo ló ń fẹ́. Bí “although” bá ti wọlé, “but” kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́:

“Although my father was tired, he took us to the hospital.”
“My father was tired, but he took us to the hospital.”

Ẹ mú èyí tó bá wù yín. Ìkejì ni mo fẹ́ràn fún lẹ́tà, torí ó fúyẹ́ létí.

Ẹ wá wo ẹ̀kẹta. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni “Nítorí pé ọ̀nà kò dára, ìdí nìyẹn tá a fi pẹ́.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan níbẹ̀: “because”, “so” àti “that is why”. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi méjì sílẹ̀. “Because the road was bad, we came late.” Tàbí, “The road was bad, so we came late.”

Ti gbólóhùn kejì yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ àsopọ̀ kò pọ̀ jù níbẹ̀, kò sí rárá ni. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbí, torí ibí ni Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti jìnnà síra jù. Yorùbá lè to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ léra láìfi ohunkóhun so wọ́n: “Bọ́lá ra ẹran sè jẹ.” Ìṣe mẹ́ta nìyẹn: rírà, sísè, jíjẹ. Bọ́lá kan, ẹran kan, kò sí “àti”, kò sí “sì”, gbólóhùn náà sì pé pérépéré. Ẹ gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà, “Bola bought meat cooked ate”, ẹ óò rí i pé kò dúró. Ohun mẹ́ta ni Gẹ̀ẹ́sì máa béèrè: kọ́mà lẹ́yìn ìṣe àkọ́kọ́, “and” kí ìṣe tó kẹ́yìn tó dé, àti “it” tó máa dúró fún ẹran níbi gbogbo tá a bá ti tún fọwọ́ kàn án. “Bola bought some meat, cooked it and ate it.” “It” yẹn làwọn ọmọ máa ń gbàgbé, bí wọ́n bá tiẹ̀ rántí “and”.

Nítorí náà: “My mother went to the market, bought some yams and came back home.”

Ṣùgbọ́n kí ẹ má wá sọ fún ọmọ náà pé ibikíbi tí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá bá ti tò léra ni kó ti ki “and” bọ̀ ọ́. “Ó gbé àga wá” kì í ṣe “He carried a chair and came”. “He brought a chair” ni. “Ó sáré jáde” kì í ṣe “He ran and went out”. “He ran out” ni. “Ó fi ọ̀bẹ gé iṣu” kì í ṣe “He used knife and cut yam”. “He cut the yam with a knife” ni. Ẹ ní kó bi ara rẹ̀ léèrè pé ìṣẹ̀lẹ̀ mélòó ló ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ méjì, tí ọ̀kan lè parí kí ìkejì tó bẹ̀rẹ̀, “and” ló ń fẹ́. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, kó wá ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan tó gbé e.

Kíláàsì ń dúró dè mí. Màá padà wá sórí ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún.

Nọ́ọ̀sì Manchester

Tísà, ẹ ṣeun, sà. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo rí nígbà tí mò ń múra IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó fẹ́ lọ sí òkè òkun, kún un.

Nínú Yorùbá, “àti” kì í so gbólóhùn pọ̀. Orúkọ ló ń so: “iṣu àti ẹ̀wà”, “Túndé àti Ṣadé”. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé “Mo jẹun àti mo sùn.” “Mo jẹun, mo sì sùn” la ń sọ. “Sì” yẹn kì í dúró sáàárín gbólóhùn méjèèjì bí “and” ti ń ṣe. Inú gbólóhùn kejì ló ń wọ̀ lọ, ẹ̀yìn olùwà, iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí kìn-ín-ní, ẹsẹ kẹta. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti King James, tó jáde ní 1611, fi “And” bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà: “And God said”. Nínú Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, “Ọlọ́run sì wí pé” ló wà níbẹ̀, kì í ṣe “Àti Ọlọ́run wí pé”. “And” kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti kúrò níwájú Ọlọ́run, ó ti bọ́ sẹ́yìn.

Àbájáde rẹ̀ ni pé, bá a bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń wá nǹkan fi sí ibi tí “sì” máa ń wà, a sì máa ń bá “also” níbẹ̀: “I washed the patient, I also changed the bed.” Mo máa ń rí i nínú àkọsílẹ̀ àwọn ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ́ọ̀dù. “Also” kò lè so gbólóhùn méjì pọ̀, kọ́mà náà kò lè dá a ṣe. “I washed the patient and changed the bed.” Ó tán.

“However” àti “therefore” náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsopọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọ ọ́ gan-an. “He was tired, however he came” máa gba máàkì kúrò lọ́wọ́ yín. Full stop tàbí semicolon ni kó ṣáájú “however”, kí kọ́mà tẹ̀ lé e: “He was tired; however, he came.” Bí ẹ ò bá fẹ́ wàhálà yẹn, “but” wà ńlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra IELTS, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń wò nínú ìwé kíkọ, ìdá mẹ́rin tó dọ́gba ni wọ́n pín máàkì rẹ̀ sí, ọ̀kan nínú wọn ni Coherence and Cohesion, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ léra tó sì so mọ́ra. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí àwọn bá fi “Moreover”, “Furthermore” àti “In addition” bẹ̀rẹ̀ gbogbo gbólóhùn, máàkì ibẹ̀ á pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà máàkì wọn pé bí ìsopọ̀ bá ti ń dà bí iṣẹ́ ẹ̀rọ, máàkì á wálẹ̀. Àròkọ 250 ọ̀rọ̀ kò nílò “Moreover” ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. “And”, “but” àti “so” tó bọ́ sáyè wọn níyì jù ú lọ.

Ọmọ Kétu, Kútọnu

Mo kí gbogbo ilé o. Lọ́dọ̀ tiwa ní Benin, Faransé la fi ń kàwé, Gẹ̀ẹ́sì wá di èdè kẹta fún àwa tá a sọ Yorùbá nílé. Wàhálà tiwa tún yàtọ̀ díẹ̀.

Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa ní gbólóhùn kan tá a fi ń rántí ọ̀rọ̀ àsopọ̀ Faransé: “Mais où est donc Ornicar?” Tẹ́ ẹ bá fetí sí i, “mais, ou, et, donc, or, ni, car” lẹ máa gbọ́. Méje ni wọ́n. Ti Gẹ̀ẹ́sì náà, méje ni: “for, and, nor, but, or, yet, so”, tí àwọn olùkọ́ fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ wọn dá FANBOYS. Ó rọrùn láti rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ọ̀kọ̀ọ̀kan dọ́gba. Ẹ ṣọ́ra fún “or”. “Or” ti Gẹ̀ẹ́sì ni “tàbí”. Ti Faransé jọ “bẹ́ẹ̀ sì rèé”, èyí téèyàn fi ń mú ọ̀rọ̀ kan wá tó máa yí ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀ padà. Mo ti rí lẹ́tà òwò láti Kútọnu sí Èkó tí wọ́n kọ “or” sí láàárín, tí ẹni tó gbà á sì rò pé wọ́n ń fún òun ní nǹkan méjì kí òun mú ọ̀kan.

“Ni… ni” náà ńkọ́? Faransé máa ń fi “ne” sí ara ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ̀lú rẹ̀: “Je ne mange ni viande ni poisson.” Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ “not” mọ́ bí “neither… nor” bá ti wà níbẹ̀. “I eat neither meat nor fish.” Ẹni tó bá kọ “I don’t eat neither meat nor fish” ti sọ kíkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́yà Abẹ́òkúta

Kọ́mà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí àwọn èèyàn rò pé ohun kékeré ni.

Bí gbólóhùn méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní olùwà tirẹ̀ bá fẹ́ so pọ̀, kọ́mà máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ àsopọ̀: “My father was tired, but he took us to the hospital.” Bí olùwà bá jẹ́ ọ̀kan, tí a kò sì tún un sọ, kọ́mà kò sí: “My father woke up and took us to the hospital.” Bí nǹkan bá tó mẹ́ta nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìlú Ọba sábà máa ń yọ kọ́mà tó ṣáájú “and” ìkẹyìn, àwọn ará Amẹ́ríkà sábà máa ń fi í síbẹ̀. Èyí tí ọmọ bá mú, kó má yí i padà láàárín àròkọ kan náà.

Ẹni tó bá rò pé kọ́mà ìkẹyìn yẹn kò ju ẹ̀ṣọ́ lọ, kó gbọ́ ẹjọ́ tí àwọn awakọ̀ tó ń gbé wàrà fún ilé iṣẹ́ Oakhurst Dairy pè ní ìpínlẹ̀ Maine, ní Amẹ́ríkà. Òfin ìpínlẹ̀ náà ka àwọn iṣẹ́ kan tí kò sí owó àfikún fún bí òṣìṣẹ́ bá ṣe ju àkókò lọ. Bó ṣe kà nìyí: “The canning, processing, preserving, freezing, drying, marketing, storing, packing for shipment or distribution of” oríṣi oúnjẹ kan. Kò sí kọ́mà lẹ́yìn “shipment”.

Àwọn awakọ̀ ní “packing for shipment or distribution” jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo: dídi ẹrù, yálà fún fífi ránṣẹ́ tàbí fún pínpín. Àwọn kì í di ẹrù, pínpín nìkan làwọn ń pín in, nítorí náà òfin yẹn kò kan àwọn, kí wọ́n sanwó àfikún fáwọn. Ilé iṣẹ́ ní rárá, iṣẹ́ méjì ni, “packing for shipment” ọ̀tọ̀, “distribution” ọ̀tọ̀. Ibi tí ẹjọ́ náà ti dùn mọ́ ẹni tó fẹ́ràn gírámà ni èyí. Ilé iṣẹ́ tọ́ka sí i pé bí “packing” bá jẹ́ ìkẹyìn nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ, ó yẹ kí “or” wà níwájú rẹ̀, kò sì sí níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ tọ́ka sí i pé gbogbo iṣẹ́ tí òfin dárúkọ ló parí sí “-ing”, títí dé “packing”; “distribution” kò parí bẹ́ẹ̀, “shipment” ló bá dọ́gba. Àríyànjiyàn méjèèjì lágbára. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Boston sọ ní oṣù kẹta 2017 pé òfin náà kò ṣe kedere, wọ́n sì dá àwọn awakọ̀ láre. Ní 2018, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là kí ọ̀rọ̀ lè tán.

Ẹ̀kọ́ tí mo máa ń fà yọ fún àwọn akọ̀wé mi ni pé ohun tí “and” tàbí “or” bá so pọ̀ gbọ́dọ̀ rí bákan náà. “She likes cooking, to dance and she reads” kò dọ́gba. “She likes cooking, dancing and reading” dọ́gba, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín pé kí lẹ ní lọ́kàn.

Bọ̀dá Houston

Lọ́yà, ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè kan: ṣé òótọ́ ni pé a kò gbọ́dọ̀ fi “And” tàbí “But” bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa ní pámárì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi níbí ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn pẹ̀lú rẹ̀, tísà wọn kò sì bá wọn wí. Wọn kì í tiẹ̀ í fi “and” sínú nọ́ńbà: “one hundred five” ni wọ́n ń sọ, níbi tí àwa ti ń sọ “one hundred and five”.

Lọ́yà Abẹ́òkúta

Ní ti ìdánwò, kí ọmọ yẹra fún un. Ẹni tó ń máàkì lè jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ yín ní pámárì.

Tísà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo bọ̀wọ̀ fún Lọ́yà, ṣùgbọ́n mi ò gbà pátápátá. Kò sí òfin gírámà Gẹ̀ẹ́sì tó ka “And” tàbí “But” léèwọ̀ níbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Ẹsẹ Bíbélì tí Nọ́ọ̀sì mẹ́nu kàn tó ẹ̀rí. Àwọn tísà pámárì ka á léèwọ̀ nítorí pé ọmọdé máa ń kọ “And the children.” kó sì fi full stop sí i. Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe níbẹ̀, kì í ṣe gbólóhùn. Ìyẹn ni àìsàn tí wọ́n fẹ́ wò. Bí gbólóhùn bá pé, “But he did not come.” dára, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú àròkọ sì tó. Ní ti nọ́ńbà, ti ìlú Ọba la ń lò ní Nàìjíríà, ẹ fi “and” síbẹ̀.

Ó wá kan ẹ̀kẹrin: “I did not see my uncle and I did not see his wife too.” Gírámà rẹ̀ kò bàjẹ́ púpọ̀, “too” nìkan ló ṣì. “Náà” ti Yorùbá ń bá bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ rìn: “mo rí i náà”, “mi ò rí i náà”. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì. “Too” ń bá bẹ́ẹ̀ ni rìn, “either” ń bá bẹ́ẹ̀ kọ́ rìn. Síbẹ̀, gbólóhùn náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí kíkọ̀ bá ti wà ńlẹ̀, “or” ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń so: “I did not see my uncle or his wife.” Ẹ má kọ “my uncle and his wife” síbẹ̀, torí ó lè túmọ̀ sí pé ẹ kò rí àwọn méjèèjì pa pọ̀, bóyá ẹ rí ọ̀kan. Ó jọ “I don’t eat yam and beans”: ṣé ẹ kì í pa wọ́n pọ̀ jẹ ni, àbí ẹ kì í jẹ ìkankan?

Ẹni tó bá fẹ́ lo “nor”, kó wo Yorùbá tirẹ̀ dáadáa, torí ibí ni Yorùbá ti ràn wá lọ́wọ́. “Kò wá, bẹ́ẹ̀ ni kò ránṣẹ́.” “He did not come, nor did he send a message.” “Nor” gba iṣẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni kò” ṣe pátápátá, ó ti ní kíkọ̀ nínú, nítorí náà kò sí “not” lẹ́yìn rẹ̀. “Did” sì máa ń ṣáájú “he”, bí ẹni ń béèrè ìbéèrè.

Ìkarùn-ún: “And my brother and my sister and myself.” Àṣà “àti… àti…” wa nìyẹn, bí a ṣe ń sọ pé “àtọmọdé àtàgbà”. Gẹ̀ẹ́sì ń fi kọ́mà so gbogbo wọn, ó wá ń fi “and” kan ṣoṣo ṣáájú ìkẹyìn. “Myself” kò sì yẹ níbẹ̀. Yorùbá ń lo “èmi” níbi gbogbo tí “àti” bá wà: “Èmi àti Bọ́lá lọ”, “Ó rí èmi àti Bọ́lá”. Kò yí padà, ló jẹ́ kí “I” àti “me” máa dà wá láàmú. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: ẹ yọ orúkọ kejì, ẹ tún un kà. “She saw I” kò ṣeé gbọ́, torí náà “She saw Bola and me” ló tọ́. “Me went” kò ṣeé gbọ́, torí náà “Bola and I went”. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ń fi “I” sẹ́yìn àwọn ìyókù: “My brother, my sister and I were happy.”

Ohun kan kù tí JAMB fẹ́ràn gan-an nínú ìbéèrè 60 tó wà nínú Use of English. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí iye èèyàn, ti Gẹ̀ẹ́sì ń yí. “And” ń sọ ẹyọ di púpọ̀: “The principal and the teacher are here.” “Together with” àti “as well as” kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “pẹ̀lú” la fi ń pè wọ́n: “The principal, together with the teachers, is here.” Nínú “or” àti “nor”, èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń darí rẹ̀: “Neither the teacher nor the students were present.” “Either the students or the teacher has the key.” Bí nǹkan méjì bá sì ti di oúnjẹ kan nínú àwo kan, ẹyọ ni: “Rice and beans is my favourite food.”

Ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́yìn, Ìbàdàn

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo kà á fún un látòkè délẹ̀, ó jókòó, ó tún lẹ́tà náà kọ. Ohun tó kọ nìyí:

“My father was tired, but he took us to the hospital. The road was bad, so we came late. The doctor checked my grandmother, gave her medicine and told us to go home. I did not see my uncle or his wife. My brother, my sister and I were happy, so we sang in the car, and my mother laughed, and my little cousin clapped and my father was not tired again.”

Ẹ bá wa wò ó, sà. Mo gbọ́ pé máàkì 10 wà fún mechanical accuracy, ìyẹn gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé tó tọ́, nínú àròkọ WAEC, ìdajì máàkì sì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan.

Tísà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí, ìdí nìyẹn tí ìsapá yín fi tọ́. Ẹ bá mi kí i, ó ti gbìyànjú gidigidi. Gbólóhùn mẹ́rin àkọ́kọ́ mọ́.

Ìkẹyìn ni kó tún wò. “So” kan, “and” mẹ́rin, gbogbo wọn nínú gbólóhùn kan. Kò sí èyí tó ṣì nínú wọn bí a bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á kò ní ibi tó ti máa mí. Kó gé e sí méjì: “My brother, my sister and I were so happy that we sang in the car. My mother laughed, my little cousin clapped, and my father no longer looked tired.” Kó wo “no longer” yẹn pẹ̀lú. “Mọ́” tó wà nínú “kò rẹ̀ wọ́n mọ́” kì í ṣe “again”. “Not tired again” túmọ̀ sí pé ó rẹ̀ wọ́n nígbà kan, kò sì rẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ Kétu, Kútọnu

Tísà, kí ẹ tó lọ, ẹ jọ̀wọ́, “not only… but also” ńkọ́? Ìgbà gbogbo ni mo ń rí i nínú lẹ́tà àwọn oníbàárà wa láti Èkó.

Tísà Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ohun tí Lọ́yà sọ nípa dídọ́gba ló dé ibẹ̀. Ohun tó bá tẹ̀ lé “not only” àti ohun tó bá tẹ̀ lé “but also” gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kan náà. “Kì í ṣe ìrẹsì nìkan ló gbé wá, ó gbé ẹran náà wá”: “He brought not only rice but also meat.” Ìrẹsì àti ẹran, orúkọ méjèèjì. Bí ẹ bá kọ “He not only brought rice but also meat”, ọ̀rọ̀-ìṣe ló tẹ̀ lé àkọ́kọ́, orúkọ ló tẹ̀ lé ìkejì, wọn kò dọ́gba.

Bí “not only” bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, “did” á ṣáájú olùwà, bíi ti “nor”: “Not only did he bring rice, but he also brought meat.” Nínú lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ tàbí sí oníbàárà, ẹ fi sáàárín bíi ti àkọ́kọ́. Irú “Not only did” yẹn, kí àbúrò tọ́jú rẹ̀ fún àròkọ aláríyànjiyàn, níbi tó bá ti fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ mọ́ni létí.